Wáyà Tó So Kọ̀ǹpútà Méjì Pọ̀: Ìtàn Kan Láti Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin

Bí ọ̀dọ́ méjì bá jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo ní Sùúrùlérè lónìí, tí ọ̀kan fẹ́ fún èkejì ní fídíò tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí ẹni àkọ́kọ́ fi fídíò náà ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kejì sì fà á wálẹ̀ láti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgúnpá àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Fídíò náà yóò kúrò ní Sùúrùlérè, ó lè gba abẹ́ òkun kọjá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kí ó tó tún padà wá sórí tábìlì tó ti gbéra. Ẹni tó fi ránṣẹ́ yóò san owó dátà, ẹni tó gbà á náà yóò san tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wáyà kan tí kò ju ìwọ̀n gíga ènìyàn lọ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin fi ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ lójúkojú. Fáìlì a kúrò nínú ọ̀kan, a wọ inú èkejì, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan láàárín tó ń gba owó ibodè. Ìtàn wáyà kékeré yìí yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ìbéèrè tó dáhùn nígbà náà ṣì wà nílẹ̀ lónìí: ta ló yẹ kó dúró láàárín ẹni méjì tó fẹ́ fún ara wọn ní nǹkan?

Nígbà tí ẹsẹ̀ ni wáyà

Èkó kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ wáyà. Ní 1886 ni okùn tẹlígíráàfù abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí ìlú náà láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company. Ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù tó ti máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà lórí omi nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín wákàtí. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò wọ Nàìjíríà títí di àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ ìṣirò ètò ìkànìyàn 1962 sí 1963 sì wà lára ohun tó mú un wọlé. Ẹ̀rọ ìgbà náà a máa gba odidi yàrá kan. Ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni apá wọn ká a.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì dé ni pínpín fáìlì di ìṣòro aráàlú. Dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì lè gba ju 1.44 MB lọ. Iṣẹ́ tó bá tó 100 MB yóò gba nǹkan bí àádọ́rin dísíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá di àádọ́rin dísíkẹ́ẹ̀tì sínú àpò láti Muṣin lọ sí Yábàá ní láti máa gbàdúrà kí eruku, ooru àti ìgbọ̀n-ọ̀n-rìrì mọ́tò má ṣe ba ẹyọ kan jẹ́, nítorí pé bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, òfo ni gbogbo ìrìn náà já sí.

Àwọn aráyé yòókù náà jẹ irú ìyà yìí. Ní 1983 ni ilé-iṣẹ́ Traveling Software, tí Mark Eppley dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan tí wọ́n pè ní LapLink jáde. Wáyà kan ń bá a rìn, tí a ó ki orí rẹ̀ kan bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, tí a ó ki orí kejì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kejì. Ètò náà yóò sì máa kó fáìlì kọjá. Microsoft fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú MS-DOS 6 ní 1993, ó sì tún fi sínú Windows 95. Ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ̀ wà lára ibi tí wọ́n ń gbà so ó. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó sàn ju dísíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹnu sí etí

Wáyà tó wá gbajúmọ̀ jù lọ ní Èkó wá láti orísun mìíràn. Ní 1973, ní ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní ìpínlẹ̀ California, ni Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà ìsopọ̀ tí wọ́n pè ní Ethernet. Nígbà tó di 1990, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tó jẹ́ kí Ethernet máa gba inú wáyà lílọ́ tó jọ ti tẹlifóònù. Wáyà náà kò wọ́n, ó rọrùn láti ká, ó sì lè gùn tó 100 mítà láìsí ìdíwọ́.

Inú wáyà yìí, wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà, tí wọ́n lọ́ ní méjì méjì. Ní àtètèkọ́ṣe, méjì nínú wọn ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀, méjì mìíràn ló fi ń gbọ́. Bí àpótí ìpínkiri bá wà láàárín kọ̀ǹpútà, àpótí náà ni yóò yí ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà etí. Ṣùgbọ́n bí a bá mú wáyà lásán, tí a fi so ẹ̀rọ méjì pọ̀ láìsí àpótí, ohùn yóò pàdé ohùn, etí yóò sì dojú kọ etí. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì ń fetí sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Ariwo ni, kì í ṣe ìjíròrò.

Nítorí náà ni oníṣẹ́ ṣe máa ń gbé wáyà kọjá ara wọn. Ní orí kìíní, yóò to àwọ̀ wọn báyìí: funfun ọsàn, ọsàn, funfun ewé, búlúù, funfun búlúù, ewé, funfun búráùn, búráùn. Ní orí kejì, yóò fi ewé sí ipò ọsàn, yóò sì fi ọsàn sí ipò ewé. Búlúù àti búráùn kò ní kúrò ní àyè wọn. Báyìí ni ẹnu kọ̀ǹpútà kan ṣe ń bọ́ sí etí èkejì. Crossover ni wọ́n ń pe irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ yóò ka àwọ̀ mẹ́jọ yìí lórí bí ọmọdé ṣe ń ka oríkì ilé bàbá rẹ̀, yóò fi irin tẹ orí wáyà mọ́lẹ̀, yóò sì gbé e sójú iná àyẹ̀wò kí ó tó gba owó rẹ̀.

Lẹ́yìn wáyà ni ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì. Kọ̀ǹpútà kìíní lè jẹ́ 192.168.0.1, èkejì a sì jẹ́ 192.168.0.2. Bí méjèèjì bá jẹ́ nọ́ḿbà kan náà, wọn yóò máa bá ara wọn jà. Bí àwọn nọ́ḿbà iwájú kò bá sì bára mu, wọn kò ní mọ ara wọn. Ẹni tó ni fáìlì yóò yan àpò tí ó fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún àlejò, yóò sì ti àwọn yòókù. Ìlànà yìí kò le, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí ènìyàn mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ kí ẹlòmíràn rí.

Ìdí tí Èkó fi nílò rẹ̀

Kí ènìyàn tó lè mọ iyì wáyà yìí, ó ní láti rántí bí ìbánisọ̀rọ̀ ṣe rí ní Nàìjíríà kí GSM tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. NITEL ni ó ni wáyà tẹlifóònù, iye ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kò sì ju nǹkan bí 400,000 lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí tẹlifóònù kò lè yára ju 56 kbps lọ. Ní ìwọ̀n yẹn, fáìlì 100 MB yóò gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, bí ìlà kò bá já, tí NEPA kò sì mú iná lọ. Ní sáíbà káfẹ̀, iye àkókò ni wọ́n ń ṣírò owó sí. Wáyà Ethernet tó ń sáré ní 100 Mbps yóò kó fáìlì kan náà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ní ìṣirò orí ìwé. Ká tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ àlòkù tó wọ́pọ̀ ní Èkó fi ìlọ́po márùn-ún lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní pé ìṣẹ́jú kan.

Iṣẹ́ fíìmù ló fi èyí hàn jù lọ. Lẹ́yìn tí fíìmù Living in Bondage ti ṣí ọjà fídíò inú ilé sílẹ̀ ní 1992, Sùúrùlérè di ibùdó fún ọ̀pọ̀ òṣèré, olùdarí àti olóòtú fíìmù. Nígbà tí iṣẹ́ títo àwòrán kúrò lórí téèpù bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹrù tuntun dé. Wákàtí kan fídíò DV ń lọ sí bí 13 GB. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gba ìyẹn yóò lé ní 9,000. Kò sí fílááṣì ìgbà náà tó lè gbé e, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè fojú inú wò pé yóò kó o. Bí olóòtú kan bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tún ohùn ṣe, ó kù sí kí wọ́n tú líle kọ̀ǹpútà kúrò nínú ẹ̀rọ kan kí wọ́n fi sínú èkejì, tàbí kí wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú wáyà, kí wọ́n sì lọ jẹun kí wọ́n tó padà dé.

Ọ̀rọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé kò yàtọ̀. Ṣómólú, tó múlé gbe Yábàá, ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti pọ̀ jù lọ ní agbègbè náà, iṣẹ́ náà sì tàn dé Muṣin. Àwọn tó ń fi CorelDRAW ya káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé pẹlẹbẹ ìsìnkú mọ̀ pé àwòrán tó mọ́ kedere máa ń wúwo. Ẹni tó ya iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìsopọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ apá kan nínú òwò. Ní Yábàá, níbi tí Yunifásítì Èkó wà ní Àkọkà àti Yaba College of Technology tó ti wà láti 1947, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wáyà náà pín ìwé ẹ̀kọ́, ètò tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà, orin àti eré ìdárayá.

Yábàá àti ẹnu ọ̀nà ayé

Ẹ̀rí mìíràn tún wà ní Yábàá pé lílo wáyà láti so ẹ̀rọ méjì pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní àárín àwọn ọdún 1990, nípasẹ̀ ètò RINAF tí UNESCO gbé kalẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà, Yaba College of Technology di ọ̀kan lára ibi tí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde kúrò ní Nàìjíríà. Kò sí ìsopọ̀ tó wà ní gbogbo ìgbà. Kọ̀ǹpútà kan ni yóò pe èkejì lórí tẹlifóònù, wọn yóò pàrọ̀ àwọn lẹ́tà tó ti kó jọ, wọn yóò sì pa ìpè náà. Ẹ̀rọ méjì àti wáyà kan ni, àfi pé wáyà náà gùn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni orúkọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ rí olùtọ́jú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1995, nígbà tí wọ́n fi àmì .ng sórí àkọsílẹ̀ àgbáyé, Ìyáàfin Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ní 2004 ni ó bọ́ sí ọwọ́ àjọ NITDA, ní 2009 sì ni NiRA gbà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni .ng ti dìde.

Wáyà kan náà, ní ìwọ̀n tó tóbi

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì wá pọ̀, ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wà lórí tábìlì kan náà di ìṣòro gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ẹni tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá bá kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Sùúrùlérè, lẹ́tà náà sábà máa ń gòkè lọ sí ojú ọ̀run nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, kí ó balẹ̀ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, kí ó tó padà sí Èkó. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó ìrìn náà ní àlọ àti ní àbọ̀.

Ojútùú tí wọ́n rí jọ ti wáyà inú ṣọ́ọ̀bù ní Muṣin. Wọ́n dá Internet Exchange Point of Nigeria sílẹ̀ ní Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Ojú kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bára wọn díje gbé wáyà wọn pàdé, kí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ilé lè máa gba ilé kọjá. Wọn kò ṣe ohun ìjìnlẹ̀ kan tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè lóye. Wọ́n kàn so ẹnu mọ́ etí ni.

Bí wáyà ṣe di ohun ìgbàgbé

Ohun mẹ́ta ló lé wáyà náà kúrò lórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n inú ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ṣe ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi lè mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá wáyà kọjá ara wọn tàbí kò kọjá, kí ó sì yí ẹnu àti etí padà bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ́ lórí àwọ̀ ọsàn àti ewé wá di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀. Èkejì ni fílááṣì, tó ń tóbi sí i tí owó rẹ̀ sì ń dínkù lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta ni fóònù alágbèéká àti Wi-Fi, tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pín nǹkan láìfọwọ́ kan wáyà kankan.

Lákòókò yẹn náà ni okùn abẹ́ òkun ń pọ̀ sí i ní Èkó. SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002 lábẹ́ NITEL. Ní 2010 ni MainOne, tí Funke Opeke dá sílẹ̀, parí okùn tó gùn tó bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Potogí sí Èkó. CcHUB, tí Bosun Tijani àti Femi Longe dá sílẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá ní 2011. Ní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri okùn fíbà mọ́lẹ̀ káàkiri Yábàá, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Nígbà tí Mark Zuckerberg balẹ̀ sí Nàìjíríà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, CcHUB ló kọ́kọ́ yà sí. Ta ni yóò tún máa ronú wáyà gígùn mítà méjì nígbà tí gbogbo ayé ti wọ Yábàá?

Ọjọ́ tí okùn já

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Côte d'Ivoire. Láti Gánà dé Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ àwọn ilé ìfowópamọ́ sì dojú rú. Okùn Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò bá wọn bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sá gbà. Àtúnṣe gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tó yẹ kí ó jọ ènìyàn lójú nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe pé ẹni tó fẹ́ bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ kò rí ọ̀nà. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, nítorí òkun ló wà láàárín. Ohun tó ṣòro láti gbà ni pé òkun tó wà nítòsí Côte d'Ivoire lè dí ọ̀nà láàárín yàrá kan àti èkejì nínú ọ́fíìsì kan náà, nítorí pé ìwé tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lé lórí kò sí ní Nàìjíríà rárá.

Òtítọ́ ni pé wáyà àtijọ́ ní àléébù tirẹ̀. Kòkòrò kọ̀ǹpútà a máa gbà á kọjá bí fáìlì ṣe ń gbà á. Kò wúlò fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn nígbà tí èkejì rẹ̀ wà ní Muṣin. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, tàbí tí iná NEPA tó dé lójijì bá jó o, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ, nígbà tí ohun tí ènìyàn fi pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò sọ pé kí Èkó padà sí 1998. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra mọ́tò kò ní tìtorí rẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní 2024 bákan náà, nígbà tí Bosun Tijani ti di mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò láti ri okùn fíbà 90,000 kìlómítà sí i mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ohun rere ni. Síbẹ̀, okùn gígùn kò tó bí ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ṣì ní láti lọ kí ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó wọlé. Ilé-ìwé tó ní kọ̀ǹpútà ogún nínú yàrá kan kò nílò dátà kí ìwé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀kan tó dé inú àwọn yòókù. Ilé-ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ dúró de òkun kí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi èsì ránṣẹ́ sí yàrá dókítà. Ohun tí wọ́n nílò ni wáyà, àpótí ìpínkiri kan, àti ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ó.

Ẹnì kan yẹn ni ó ń ṣọ̀wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ àwọ̀ mẹ́jọ náà lórí ti di àgbà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn ti kúrò nílùú. Wáyà fúnra rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́jà, mítà kan rẹ̀ kò sì wọ́n. Kọ̀ǹpútà òde òní kò tilẹ̀ béèrè pé kí wọ́n gbé ọsàn kọjá ewé mọ́. Bí ihò wáyà bá wà lára méjèèjì, kí wọ́n ki í bọ̀ ọ́ lásán ti tó. Ìmọ̀ náà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ láti kọ́ ọmọ ilé-ìwé gíga, yóò sì wúlò fún un ní ọjọ́ tí okùn òkun bá tún já.